Ìyá Àgbà Ni Kí Ẹ Kọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ìwẹ̀ Ọmọ Titun

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, tí ó ti ka ti ìjálá, tí ó sì ti ka ti àrànmọ́ fáwẹ̀lì, yóò dúró díẹ̀ nígbà tí ó bá dé ojú ewé yìí. Yóò bèèrè pé kí ni ìwẹ̀ ọmọ ń wá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹlòmíràn yóò tún fi kún un pé kí ni ọmọdébìnrin tí kò tí ì wọ ilé ọkọ, tí kò mọ bí ìrọbí ti ń rí, mọ̀ nípa ọmọ wíwẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Agbo ilé ńlá ni wọ́n ti bí mi ní Ìwó. Láti ìgbà tí mo ti lè gbé korobá ni mo ti ń pọn omi ìwẹ̀ ọmọ, tí mo ń na aṣọ ìnura sí àwọn àgbà, tí mo sì ń wo ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá sì ní òun ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá, tí kò ka ìwẹ̀ ọmọ mọ́ àṣà, n kò mọ ohun tí ó ń kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Àwọn tí ó ń kọ́ wa ní ìtọ́jú ọmọ titun, ẹni tí kì í wẹ ọmọ ni wọ́n ń kọ́. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ni ó ń wẹ ọmọ.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó dé ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìwó ní òwúrọ̀. Yóò bá ìyá ọmọ lórí ibùsùn, tí ara ń ro ó. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ, tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, ti jókòó sórí àpótí kúkúrú, ó ti na ẹsẹ̀ méjèèjì gba orí bàsíà, ó tẹ́ ọmọ sí ojúgun bí ẹni pé nítorí èyí ni Ọlọ́run fi dá ojúgun. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n rà ní ọjà Odò-Orí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ra títí tí ó fi rọ̀ wà níbẹ̀, òrí wà níbẹ̀. Omi méjì ni wọ́n gbé wá fún un, tútù àti gbígbóná. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lú wọn pọ̀. Bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́ ni ó ń kì í. Oríkì orílẹ̀ tí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúgun yìí, bí ó bá dàgbà tí ó sì wá sí ẹ̀ka wa, àwa ni a óò tún ní kí ó lọ fi ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀ kí ó lè gba máàkì.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ náà. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n ni. Àwọn ọ̀dọ́ abiamọ tí ó ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, nítorí ọmọ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ ń yọ̀ ju ẹja àrọ̀ lọ. Ìwé àwọn elétò ìlera sọ pé kí a fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi kí a tó gbé ọmọ sí i. N kò rí ọjọ́ kan tí ìyá wa àgbà kò fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ìwé kankan. Òrí tí ó fi ń pa ọmọ lára dára. Pípọ̀n tí ó ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lẹ́yìn náà dára, ooru ara wọ ara. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá láti bá àwọn tí ó ń pe àwọn ìyá wa ní aláìmọ̀kan kọ orin.

Ṣùgbọ́n ọmọ titun ń kú. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kò pé oṣù kan láyé. Nígbà tí wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní 2023 sí 2024, 41 ni wọ́n bá. Láàárín ìwádìí méjèèjì yìí, ikú àwọn ọmọ tí kò pé ọdún márùn-ún lápapọ̀ wálẹ̀ láti 132 sí 110. Ìyẹn ni pé a ti ń gba ọmọ ọdún méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọ ọjọ́ méjì kò yí padà. N kò sọ pé ìwẹ̀ ni ó ń pa wọ́n o. Ọ̀pọ̀ wọn ni oṣù wọn kò pé. Òmíràn, èémí ni kò tètè dé. Òmíràn, kòkòrò àrùn ni ó wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, òtútù àti kòkòrò àrùn, méjèèjì ni ó lè gba ẹnu ọ̀nà ìwẹ̀ wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé báyìí ni wọ́n ṣe wẹ̀ àwọn baba wa, ṣebí wọ́n yè. Àwọn tí ó yè ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò yè kò sí níbí láti jẹ́rìí, àfi nínú orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn. Gbogbo wa ni a ti kọ ìdánwò lórí orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. A mọ bí a ti ń tú wọn sí wẹ́wẹ́, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, èyí tí ó jẹ́ atọ́ka òdì. Ẹ jẹ́ kí a tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé àkọsílẹ̀ ikú, kí a wo iye ọmọ tí ó ti gbọ́dọ̀ lọ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó di ohun tí gbogbo ìlú mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ọmọ bá ti ké báyìí ni omi ti ń hó. Wọ́n gbà pé ọmọ tí wọn kò bá tètè wẹ̀, tí wọn kò sì fi agbára wẹ̀, yóò máa rùn nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín. Bí àgbàlagbà kan bá wọlé tí òógùn abíyá rẹ̀ ń run imú, ìyá rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń bú. Wọn a ní wọn kò wẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n bí i. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá gbé kàn-ìn-kàn-ìn ti ọmọ wákàtí kan, ẹ̀gàn ni ó ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gba ara rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tí kò bá dá a lóhùn lórí ẹ̀gàn yìí, tí ó kàn ní "ẹ má wẹ̀ ẹ́", kò tí ì dá a lóhùn rárá.

Ìdáhùn rẹ̀ wà, kò sì le. Òórùn abíyá kì í ṣe ohun tí ọmọ ń gbé ti inú ìyá rẹ̀ wá. Àwọn ojú òógùn kan wà ní abíyá àti ní abẹ́ tí kì í ṣiṣẹ́ títí di ìgbà ìbàlágà. Ìgbà tí wọ́n bá jí, tí àwọn kòkòrò tíntìntín orí awọ bá ń jẹ ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde, ni òórùn ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ti sáré kiri láti àárọ̀ kì í rùn bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá jẹ́ pé ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó fà á, kí ni ó dá òórùn náà dúró fún ọdún méjìlá?

Ní ti òtútù, inú ìyá tí ọmọ ti wá gbóná tó bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìta tí ó bọ́ sí tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ Ìwó nínú oṣù kẹta tí òrùn ń mú janjan. Ara rẹ̀ tutù rinrin, ó kéré, orí rẹ̀ tóbi fún ara tí ó gbé e, kò sì lè gbọ̀n bí àwa ti ń gbọ̀n kí ara lè móoru. Bí ìgbóná ara rẹ̀ bá ti wálẹ̀ kọjá 36.5, òtútù ti mú un nìyẹn, bí ẹnì kan kò tilẹ̀ rí i. Ọmọ tí òtútù mú kì í fẹ́ mu ọyàn. Èyí tí kò mu ọyàn kò sì ní ohun tí yóò fi móoru. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2013 pé kí a má wẹ ọmọ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá, pé bí àṣà ibi kan kò bá gba bẹ́ẹ̀, kí a ṣáà jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà kọjá. Wọ́n tún tẹnu mọ́ ti wákàtí 24 náà ní 2022. Kí a nu ọmọ gbẹ, kí a gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà ní ìhòòhò, kí a fi aṣọ bò wọ́n pọ̀, kí a dé e ní fìlà, kí ó máa mu ọyàn. Ní ìlú wa tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, àwọn kan máa ń sọ pé kò dára kí a pe ìrun sí ọmọ létí láìtíì wẹ̀ ẹ́. Mo bi ààfáà àdúgbò wa. Ó ní kí a nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ wé e, ó ti tó.

Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọn kò dá wọn dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan. Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ká a mọ́ inú báàgì, ó sùn. Ìyá wa àgbà ti gbé omi kaná. Ó rí etí ìwé náà, ó pè mí, ó ní, "Ìwọ onílé-ìwé, kí ni wọ́n wí?" Mo ní wọ́n ní kí ẹ má tí ì wẹ̀ ẹ́, pé ó di ọ̀la. Ó ní kí n kà á lọ. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á, títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ vernix sí, mo sì dúró. Mo tọ́ka sí ohun funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ọmọ ní ẹ̀yìn àti ní oríkèé itan, mo ní èyí ni wọ́n ní kí a má bó. Ìyá àgbà ní, "Ìdọ̀tí yìí?" Obìnrin kan tí ó wá kí wa ní ọ̀rá ni. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bi òun, pé baba ọmọ ni kí n lọ bi.

Mo ro ó níbẹ̀ pé ohun tí a bá ti pè ní ìdọ̀tí, fífọ̀ ni a óò fọ̀ ọ́. Kò sí àlàyé tí yóò gba kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ ẹni tí ó ti pè é bẹ́ẹ̀. Mo wá ní, "Ìyá, òrí ni. Òrí tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé ti ọ̀run bọ̀ ni. Òrí àmútọ̀runwá." Ó wò mí, ó wo ọmọ. Ó fi àtàńpàkò ra díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní, "Ó kúkú ń dán bí òrí." Ó ní kí n lọ sọ omi yẹn kalẹ̀ lórí iná.

Òótọ́ ni mo sì sọ fún un. Ohun funfun yẹn ni ó ń dáàbò bo awọ ọmọ nínú omi tí ó wà fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí ó bá dé ayé, kì í jẹ́ kí awọ rẹ̀ gbẹ, ó sì ń dènà kòkòrò àrùn. Yóò wọ inú awọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé yìí ni ó sọ omi kalẹ̀, orúkọ ni. Iṣẹ́ tiwa ni orúkọ.

Èkejì ni ìwọ́. A máa ń fọ́nnu nípa ilẹ̀ tí wọ́n rì ìwọ́ wa sí, ṣùgbọ́n kí ìwọ́ tó já, ojú egbò ni. Wọ́n ń ti aṣọ bọ omi gbígbóná, wọ́n ń fi tẹ̀ ẹ́ kí ó lè tètè já. Wọ́n ń fi epo sí i, ewé gígún, eérú, ọṣẹ ìfọyín. Ní ibòmíràn, ìgbẹ́ ẹran. Kòkòrò tí ó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì sì rèé, inú iyẹ̀pẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni ó ń gbé. Bí ó bá gba ojú ìwọ́ wọlé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rìnlá ni ó sábà máa ń fi ara hàn. Ọmọ tí ó ti ń mu ọyàn dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ yóò dì, ara rẹ̀ yóò gan, bí ọwọ́ bá kàn án yóò ta. Ẹ ro ó wò. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Abẹ́rẹ́ tí ìyá gbà nínú oyún ń dáàbò bo ọmọ, kí aboyún má ṣe fò ó. Ṣùgbọ́n ìwọ́ tí a kò fi nǹkan kan sí, tí a jẹ́ kí ó gbẹ, tí a ká ìtẹ́dìí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìtọ̀ má bà á, òun náà ń já. Títí yóò fi já, kí a fi aṣọ rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmọ lára, kí a má ṣe rì í sínú bàsíà.

Àwọn elétò ìlera wa ní jẹ́ẹ̀lì kan fún ìwọ́, chlorhexidine ni wọ́n ń pè é. Ó dára níbi tí wọ́n ti ń fi ìdọ̀tí sí ìwọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà nínú wọn, àwọn kan ṣì í fi sí ọmọ lójú, ó sì ba ojú wọn jẹ́, nítorí pé ike rẹ̀ jọ ti oògùn ojú. Èmi ń bèèrè: èdè wo ni wọ́n fi kọ ìlò rẹ̀ sára páálí? Ta ni ó wà nílé nígbà tí wọ́n ń ṣí i?

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ìyókù. Jíju ọmọ sókè, gbígbé e ní ẹsẹ̀ kodò, nína apá àti itan rẹ̀ títí tí yóò fi ké, wọn kì í mú egungun le. Mímì ọmọ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ. Imú tí a ń tẹ̀ kí ó lè gún, imú baba rẹ̀ ni yóò jẹ́ nígbẹ̀yìn. Ọyàn ọmọ titun máa ń wú, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, omi bíi wàrà sì lè wà nínú rẹ̀. Ti ara ìyá rẹ̀ ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fún un, eéwo ni ó ń wá. Àwùjẹ̀ kò fẹ́ àgúnmu, kò fẹ́ omi gbígbóná. Èyí tí ó tilẹ̀ bà mí lẹ́rù jù ni rírọ ọmọ, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, kí a máa da omi tàbí àgbo sí i kí ó lè gbé e mì bí ó ti ń ké, nítorí ọ̀nà ọ̀fun àti ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà síra. Ọyàn nìkan ti tó o fún oṣù mẹ́fà.

Bí a bá wá fẹ́ wẹ ọmọ ńkọ́? Kí a kó gbogbo ohun tí a óò lò sílẹ̀ kí a tó tú u, nítorí pé ẹni tí ó bá dìde lọ wá aṣọ ìnura ti fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú omi, omi ìka mẹ́rin sì tó láti gbé ọmọ lọ. Kí a ti fèrèsé. Omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọ bàsíà, kí a tó bu gbígbóná sí i, kí a rò ó pọ̀, kí a fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó. Bí ọmọ bá ti wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bu omi gbígbóná kún un mọ́. Ojú ni kí a kọ́kọ́ nù, omi lásán, kò sí ọṣẹ. Ìdí ni ìkẹyìn. Kí ọwọ́ kan máa gbé orí àti ọrùn ní gbogbo ìgbà. Kí ọṣẹ mọ níwọ̀n, kàn-ìn-kàn-ìn ṣì lè dúró di ìgbà tí awọ bá gbó díẹ̀. Kí ó má pẹ́. Bí a bá gbé e jáde, orí ni kí a tètè nù gbẹ. Kò pọn dandan kí a wẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀ àti alẹ́ bí ẹni tí ó ti oko dé.

Mo ń bọ̀ wá sí ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi dúró sí. Ní ojoojúmọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń rí ọmọ náà ní ìhòòhò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, òun náà sì ni ìyá àgbà. Dókítà kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ ń tò lọ́wọ́ oorun. Ẹni tí ó ń wẹ ọmọ ni ó lè kọ́kọ́ mọ̀ pé ìdí ìwọ́ pọ́n tàbí ó ń sun ọyún, pé àtẹ́lẹsẹ̀ tutù, pé àyà ń wọlé bí ó ti ń mí, pé ọmọ tí ó ń ké lánàá kò ké lónìí. Òun ni ó sì lè kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú ọmọ ti pọ́n bí àlùbọ́sà tí a fi epo yí, ibà pọ́njú náà dé.

Ibà pọ́njú yìí kò ṣeé fi ṣeré. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò wọ ọpọlọ, ọmọ tí kò bá pa lè di adití tàbí aláìlèdìde. Ohun kan sì wà tí ó ń mú un burú láàárín wa. Ọkùnrin Yorùbá tí ó tó ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD nínú ẹ̀jẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn kánfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa fọ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n kíákíá. Inú àpótí tí kánfọ̀ wà ni ìyá àgbà sì ti ń gbé aṣọ ọmọ jáde lẹ́yìn ìwẹ̀, nítorí aáyán, nítorí ìfẹ́. Òògùn àfipara tí ó ń ta sánsán kò yẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Omi ìbẹ́pẹ kò ní wò ó. Gbígbé e sínú oòrùn àgbàlá kì í ṣe ìwòsàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni oògùn rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn oníṣègùn ti fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí wọ́n sẹ́ wo ọmọ sàn ní Èkó, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n tún ṣe é ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ibẹ̀ jáde ní 2018. Ike pàtàkì kan ni wọ́n fi bo àgọ́, tí ó ń dá èyí tí ó lè jó ọmọ dúró, tí ó ń jẹ́ kí èyí tí ó wúlò kọjá, nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ wọn. Ìwó ni Yunifásítì Bowen fúnra rẹ̀ wà. Títí di òní, n kò rí ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa tí ẹnikẹ́ni ti sọ ìtàn yìí fún ní èdè tí ó gbọ́.

Èmi kò sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì wa kò sọ Yorùbá. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n tilẹ̀ ń fi kọrin fún àwọn aláboyún, orin náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ó ń jó sí i. Ẹni ọgọ́ta ọdún tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ wà nílé, ó ń kan omi. Ọmọ náà kò sì ní agbára láti padà délé kí ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí ó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ̀nà àbáyọ ni kí abiamọ máa san owó fún nọ́ọ̀sì kí ó wá máa wẹ ọmọ nílé bí wọ́n ti ń ṣe ní Èkó. Ta ni yóò san án ní Ìwó? Ta ni yóò sì ki ọmọ náà?

Nígbà tí Dókítà David Morley wà ní Iléṣà, láàárín 1956 sí 1961, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣe káàdì kan tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ti ń dàgbà, kò sì fi í pamọ́ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni ó ń gbé e lọ sílé. Káàdì náà tàn kálẹ̀ ayé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Kò sí ohun tí ó sọ pé ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan ni ó lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún nìyí. A ní Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, àwa tí a ń pe fóníìmù àti mọ́fíìmù bí ẹni ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀. Kí a lo irú ọgbọ́n kan náà fún bàsíà ọmọ. Ní ìsinmi tí ó ń bọ̀, kí àwa tí a wá láti Ìwó, Kútà, Ilé-Ogbó àti agbègbè wọn pín ara wa sí méjì-méjì, kí a lọ bá àwọn ìyá àgbà jókòó, kí a gba orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ohun tí ó wà lára ọmọ titun sílẹ̀. Kí a mú un lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, kí a jọ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán, tí a lè kà sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé ní ibi ìsọmọlórúkọ, ṣáájú ìsọmọlórúkọ bí ó bá ṣeé ṣe. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní orúkọ tí ó sàn ju òrí àmútọ̀runwá lọ fún ohun funfun yẹn, tàbí tí ìyá yín àgbà bá ti ní ọ̀kan tí àwa kò gbọ́ rí, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ìsinmi tó dé.